Ọ̀gá mi nìkan ló mọ̀ mí nídìí iṣẹ́ yìí: báwo ni igbákejì alábòójútó sáìtì ṣe lè ní àwọn ènìyàn tirẹ̀?

Àrẹ̀mọ Ìlárè (Ọjọ́ Àìkú, 7:42 alẹ́)

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi nídìí iṣẹ́ ilé kíkọ́, ẹ kú ìsinmi. Ẹ̀ka ìmọ̀ ilé kíkọ́ ni mo ti gboyè ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, mo sì ti ṣe àgùnbánirọ̀ tán kí n tó gba iṣẹ́ lọ́dọ̀ agbaṣẹ́ṣe tí mo wà lọ́dọ̀ rẹ̀ títí di òní. Ilé ìgbé akẹ́kọ̀ọ́ alájà mẹ́ta là ń kọ́ lọ́wọ́ lápá ọ̀nà Ẹdẹ níbí ní Ifẹ̀, èmi sì ni igbákejì alábòójútó sáìtì. Iṣẹ́ ń lọ, owó oṣù kì í sì í pẹ́ jù, ṣùgbọ́n mo rí i pé ojú kan náà ni mo wà.

Ọ̀nà méjì ni ọ̀rọ̀ náà pín sí. Èkíní ni pé ọ̀gá mi nìkan ló mọ̀ mí. Nígbà tí ayàwòrán ilé, ẹnjiníà àti ẹni tó ń ṣírò owó bá dé láti Ìbàdàn tàbí Èkó fún ìpàdé sáìtì, ọ̀gá ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀. Bí ìpàdé bá sì ti parí, wọ́n á wọ ọkọ̀ wọn, èmi náà á padà sídìí kọnkéré. Bí ọ̀gá yìí bá ti ilẹ̀kùn iṣẹ́ rẹ̀ lọ́la, n kò mọ ẹni tí mo lè pè. Èkejì ni pé púpọ̀ nínú àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ tí mò ń darí ju bàbá mi lọ lọ́jọ́ orí, pàápàá fọ́máànù àwọn bíríkìlà, tó máa ń dá mi lóhùn pé òun ti ń kọ́lé kí wọ́n tó bí mi. Bí mo bá ní kí wọ́n má bu omi sí kọnkéré tó ti ń le, ẹ̀rín ni wọ́n máa ń fi mí rín.

Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n kó owó tí mo ti tù jọ lọ ṣe ìdánwò PMP, ìwé ẹ̀rí ilẹ̀ òkèèrè fún àwọn tó ń darí iṣẹ́. Òmíràn ní kí n kó ẹrù mi lọ sí Èkó. Ẹlòmíràn tún ní kí n máa gbé nǹkan lọ kí àwọn àgbà iṣẹ́ nílé wọn, bẹ́ẹ̀ n kò fẹ́ kí wọ́n máa wò mí bí ẹni tó ń wá ojú rere. Ẹ jọ̀ọ́, èwo ni kí n kọ́kọ́ mú?

Ẹ̀gbọ́n Ìrẹ́mọ (Ọjọ́ Àìkú, 8:15 alẹ́)

Àbúrò, gba ìwé PMP yẹn kíákíá. Láti 1969 ni ẹgbẹ́ PMI tó ń fúnni ní ìwé náà ti wà ní Amẹ́ríkà, kò sì sí ilé-iṣẹ́ ńlá tí kò mọ̀ ọ́n. Ẹni tó bá rí lẹ́tà mẹ́ta yẹn lẹ́yìn orúkọ rẹ kò ní bi ọ́ léèrè ẹni tó mú ọ wá. Ní ti fọ́máànù tó ń fi ọ́ rẹ́rìn-ín, lé e lọ kí o mú ẹlòmíràn. Bíríkìlà kò wọ́n ní Ifẹ̀. Bí o bá lé ẹnì kan ṣoṣo, àwọn tó kù á mọ̀ pé ọmọdé kọ́ ni ọ́.

Ìyá Ìwé Owó (Ọjọ́ Àìkú, 9:03 alẹ́)

Ẹ̀gbọ́n Ìrẹ́mọ, ẹ má bínú, ẹ jẹ́ kí n tún ibì kan ṣe níbẹ̀, kí ọmọ yìí má baà ná owó tó lágbára sórí ohun tí kò tíì tó àkókò rẹ̀. Kúántítì sọ̀fíyọ̀, ẹni tó ń wọn iṣẹ́ tó sì ń ṣírò owó rẹ̀, ni mí ní Iléṣà, mo sì ti bá àwọn tó jẹ́ àbúrò fún mi ka òfin ìdánwò yẹn. Ẹni tó gboyè yunifásítì gbọ́dọ̀ ti darí iṣẹ́ fún oṣù 36, ó sì gbọ́dọ̀ ti gba ẹ̀kọ́ wákàtí 35, kí wọ́n tó jẹ́ kó jókòó ṣe ìdánwò rárá. Bó bá sì yege, kò tíì parí síbẹ̀, nítorí pé láàárín ọdún 3-3 ni yóò máa kó ẹ̀kọ́ àfikún jọ tó wákàtí 60 kí ìwé náà má baà kú mọ́ ọn lọ́wọ́. Fún ẹni tí oṣù rẹ̀ kò tíì pé, PMI ní ìwé mìíràn tí wọ́n ń pè ní CAPM, èyí tí ìwé ẹ̀rí girama àti ẹ̀kọ́ wákàtí 23 tó fún. Kọ́kọ́ ka oṣù rẹ dáadáa.

Ṣùgbọ́n ohun tó ṣe pàtàkì jù lójú tèmi ni pé PMP kò sọ ọ́ di bílídà, ìyẹn akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ tó ń darí ilé kíkọ́, lábẹ́ òfin Nàìjíríà. Òfin kẹtàdínláàádọ́ta ọdún 1989 ló dá CORBON sílẹ̀, ìyẹn ìgbìmọ̀ tó ń forúkọ àwọn bílídà sílẹ̀, gẹ́gẹ́ bí àwa náà ṣe ní ìgbìmọ̀ tiwa láti 1986, tí àwọn ẹnjiníà sì ti ní COREN láti 1970. Ìwé ti òde wulẹ̀ ń fi kún ti ilé ni, kò lè rọ́pò rẹ̀. Bí owó tó wà lọ́wọ́ kò bá tó fún méjèèjì, ti ilé ni kí o kọ́kọ́ mú.

Ní ti pé àwọn tó ń wá láti Ìbàdàn kò bá ọ sọ̀rọ̀, jẹ́ kí n sọ bó ṣe máa ń rí lọ́dọ̀ wa. Bí mo bá dé sáìtì láti wo iṣẹ́ tó ti parí kí n tó kọ ìwé owó fún agbaṣẹ́ṣe, ìdajì ọjọ́ mi ló ń lọ sídìí fífa téèpù kiri. Sáìtì tí ọ̀dọ́mọkùnrin kan bá ti wọn ògiri, tó ti ka ìlẹ̀kùn, tó ti kọ gbogbo rẹ̀ sórí ìwé kan pẹ̀lú nọ́ńbà yàrá kọ̀ọ̀kan kí n tó dé, tí èmi wá yẹ ibi mélòó kan wò tí mo sì rí i pé kò fi sẹ̀ǹtímítà kan bù mí jẹ, mo máa ń béèrè orúkọ ẹni náà. Kò ní láti tẹ̀ lé mi dé ìdí ọkọ̀. Nígbà tí ẹni tí mo mọ̀ bá sì ń wá ènìyàn tó lè dá sáìtì dúró, orúkọ yẹn ló máa ń kọ́kọ́ wá sí mi lẹ́nu. Má gbójú fo àwọn tí ẹ jọ kàwé ní EDM, fákọ́tì yín ní yunifásítì, pẹ̀lú. Àwọn tó ń ya ilé, àwọn tó ń ṣírò owó, àwọn tó ń kọ́ ọ àti àwọn tó ń ṣàkóso rẹ̀ lẹ́yìn tó bá parí, abẹ́ fákọ́tì kan náà ni gbogbo yín wà. Ọdún mẹ́wàá sí i, àwọn ni yóò máa pín iṣẹ́.

Ọmọ Ọ̀ṣómàáló (Ọjọ́ Àìkú, 9:20 alẹ́)

Ìyá wa, nọ́ńbà òfin yẹn, 45 ni. Òfin karùndínláàádọ́ta ọdún 1989. Gbogbo ọ̀rọ̀ yòókù pé. N ó padà wá lọ́la.

Ìyá Ìwé Owó (Ọjọ́ Àìkú, 9:26 alẹ́)

Òótọ́ ni, 45 ni. Ẹ ṣeun.

Bàbá Fọ́máànù Òkè-Èsò (Ọjọ́ Ajé, 6:10 àárọ̀)

Ẹ kú ọ̀rọ̀ o. Ọmọ mi obìnrin ló ń bá mi tẹ̀ ẹ́, nítorí pé ojú mi kò gba fóònù mọ́. Bíríkìlà ni mí ní Mọdákẹ́kẹ́, mo sì ti ṣe fọ́máànù lábẹ́ oríṣiríṣi ẹnjiníà, àwọn tó gbọ́n àti àwọn tó rò pé àwọn gbọ́n.

Ẹni tó ní kí ọmọ yìí lé fọ́máànù lọ, ó jọ pé kò tíì da dẹ́kìn, kọnkéré tó máa ń bo òkè àjà ilé, rí. Fọ́máànù ló kó àwọn bíríkìlà wá. Òun ló mọ ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́ nínú wọn, òun ló mọ ẹni tí kò gbọ́dọ̀ dé orí àkàbà bó bá ti mutí. Lọ́jọ́ tí o bá lé e, ìdajì wọn á bá a lọ, àwọn tó bá sì kù á máa ṣiṣẹ́ bí ẹni tí kò fẹ́ kó dára. Kò tán síbẹ̀, ó ní àwọn ojúgbà rẹ̀ nínú ẹgbẹ́ bíríkìlà, ọ̀rọ̀ rẹ á sì ti dé sáìtì mìíràn kí o tó débẹ̀.

Ọ̀rọ̀ omi tí ọmọ yìí mú wá, àìmọ̀kan kọ́ ló fà á. Ẹni tó bá ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ mọ̀ pé omi àpọ̀jù ń sọ kọnkéré di aláìlágbára. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé ẹ̀rọ tó ń po ó wà nísàlẹ̀, dẹ́kìn wà lókè, àwọn tó ń rù ú kò sì tó. Kí páànù tó dé òkè, oòrùn ti fa omi inú rẹ̀, ẹni tó ń tẹ́ ẹ kò rí i tẹ́ mọ́, ni yóò bá ní kí wọ́n bu omi díẹ̀ sí i. Bí ọ̀gá bá gba lébìrà mẹ́fà níbi tó yẹ kó ti gba mẹ́wàá, kò sí ariwo tó lè dá omi yẹn dúró. Nítorí náà, ọmọ mi, kí ọjọ́ dẹ́kìn tó kò, pe bàbá yẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kí o bi í pé, “Bàbá, ènìyàn mélòó ló máa gbé e dókè kó má tíì le?” Iye tó bá dá, gbé e lọ bá ọ̀gá rẹ, kí o sì dúró lé e lórí. Ọjọ́ tí fọ́máànù bá gbọ́ pé o tìtorí òun bá ọ̀gá sọ ọ́ dójú ẹ̀, ọjọ́ náà ni yóò bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ tìrẹ.

Má sì ṣe bá a wí lójú àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀. Ohun tó bá ṣẹ̀, sọ ọ́ fún un níbi tí ẹ̀yin méjèèjì nìkan wà, kí òun fúnra rẹ̀ lọ pàṣẹ fún wọn. Dọ̀bálẹ̀ kí i láàárọ̀, má tijú. Pé o dọ̀bálẹ̀ fún un láàárọ̀ kò ní kí o má lè kọ iṣẹ́ rẹ̀ lọ́sàn-án bí ògiri bá wọ́.

Ọmọ Ọ̀ṣómàáló (Ọjọ́ Ajé, 1:30 ọ̀sán)

Bàbá, ẹ ṣeun púpọ̀, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n fi tèmi tì í. Agbaṣẹ́ṣe ni mí ní Iléṣà. Mo ti pàdé fọ́máànù tí ènìyàn rẹ̀ tó, tí ẹ̀rọ kò jìnnà sí i, tí ó sì tún ń bu omi, nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ ṣe ń ṣe é. Irú ẹni bẹ́ẹ̀, ọ̀wọ̀ nìkan kò tó fún un, ó ní láti fojú rí i.

Ohun tí mo máa ń ṣe ni pé lọ́jọ́ tí a bá da kọnkéré, a ó bu díẹ̀ sínú àpótí irin onígun mẹ́rin tí ìbú rẹ̀ jẹ́ mílímítà 150, èyí tí a pò dáadáa lọ́tọ̀, èyí tí wọ́n tún bu omi sí lọ́tọ̀. A ó kọ ọjọ́ sí wọn lára, a ó rì wọ́n sínú omi, a ó sì gbé wọn lọ fún títẹ̀ lórí ẹ̀rọ ní ọjọ́ keje àti ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n. Fọ́máànù ni mo máa ń mú dání lọ síbi ẹ̀rọ náà. Nígbà tó bá rí i tí eléyìí tó bu omi sí kọ́kọ́ fọ́ níwájú òun, n kò ní láti sọ nǹkan kan mọ́. Ẹ̀yin tó wà ní Ifẹ̀ tiẹ̀ sún mọ́ ọn jù wá lọ, nítorí ẹ̀ka tó ń kọ́ni nípa iṣẹ́ ẹnjiníà ìkọ́lé wà ní yunifásítì yín. Bí o bá lọ síbẹ̀ nígbà méjì, ìwọ àti àwọn tó ń ṣàyẹ̀wò níbẹ̀ á ti di ojúlùmọ̀, àwọn náà sì wà lára ènìyàn tí ò ń wá.

Ẹ̀ẹ̀kejì ni ìwé ojoojúmọ́ sáìtì. Púpọ̀ nínú àwọn ọ̀dọ́ máa ń kọ ọ́ bí ẹni pé ìyà ni. Kọ iye òṣìṣẹ́ tó wá, iye àpò sìmẹ́ǹtì tó wọlé àti iye tó lò, àkókò tí òjò bẹ̀rẹ̀ àti ìgbà tó dá, ẹni tó wá sí sáìtì àti ohun tó sọ. Bí onílé bá dé lójijì tó ní kí ẹ ṣí fèrèsé síbi tí kò sí nínú àwòrán, kọ ọ́ sílẹ̀, kí o sì jẹ́ kí ọ̀gá rẹ fi tó ayàwòrán ilé létí lọ́jọ́ náà, kó tó di pé ẹ gbẹ́ ògiri. Ayàwòrán kì í gbàgbé sáìtì tí kò bò ó lójú. Tún bẹ ọ̀gá rẹ pé kí ó jẹ́ kí o máa kọ àkọsílẹ̀ ìpàdé sáìtì. Iṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni kì í fẹ́ ṣe ni, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń fi í ránṣẹ́ sí gbogbo wọn kí ọjọ́ méjì tó pé, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n á máa rí nísàlẹ̀ ìwé, òun náà ni wọ́n á sì máa pè bí ohun kan kò bá yé wọn.

Ní ti lílọ sí Èkó, n kò ní sọ nǹkan kan, àwọn tó ti débẹ̀ á sọ.

Aláṣẹ Búlọ́ọ̀kù (Ọjọ́ Ajé, 4:05 ìrọ̀lẹ́)

Ẹ má gbàgbé àwa tí à ń kó ọjà wá. Agbaṣẹ́ṣe pọ̀ tó lè dàgbà nídìí iṣẹ́ láìmọ ẹnjiníà Èkó kankan, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó lè dàgbà láìní ẹni tó máa já yanrìn àti búlọ́ọ̀kù fún un láwìn nígbà tí owó onílé bá falẹ̀. Ẹni tí a ń já ọjà fún láwìn, ọ̀gá kọ́ nígbà gbogbo. Alábòójútó tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ dúró ni. Bó bá ní owó á jáde lọ́jọ́ Jímọ̀, ó jáde lọ́jọ́ Jímọ̀. Bí kò bá ní jáde, ó pè mí lọ́jọ́bọ̀ láti sọ fún mi. Ó máa ń ka búlọ́ọ̀kù lójú dírẹ́bà wa, ó ń ya èyí tó fọ́ sọ́tọ̀, kò sì béèrè ẹ̀gúnjẹ kó tó fọwọ́ sí ìwé ọjà. Ṣùgbọ́n mo ta ko Ọmọ Ọ̀ṣómàáló níbì kan. Ẹ̀yin agbaṣẹ́ṣe Iléṣà ni ẹ máa ń ní kí àwọn ọmọ yín bá wa ṣe àdéhùn owó tí kò sí lọ́wọ́ yín, kí àwa wá máa fojú òpùrọ́ wo ọmọ ọlọ́mọ.

Ọmọ Ọ̀ṣómàáló (Ọjọ́ Ajé, 4:40 ìrọ̀lẹ́)

Àwa táwọn bàbá wa máa ń lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè títí owó á fi jáde, àwa náà lẹ wá ń lóṣòó dè báyìí! Ọ̀rọ̀ yín kò jìnnà sí òótọ́. Àrẹ̀mọ, gbọ́ èyí: má ṣèlérí owó tí ìwọ kọ́ lo ni ín. Sọ pé, “N ó bá ọ̀gá sọ ọ́, n ó sì fún yín lésì ní ìrọ̀lẹ́,” kí o sì fún wọn lésì ní ìrọ̀lẹ́, ì báà jẹ́ pé kò sí ni èsì náà.

Ará Èkó Tó Padà Sílé (Ọjọ́ Ajé, 9:50 alẹ́)

Mo ṣiṣẹ́ ní Èkó fún ọdún pípẹ́ kí n tó padà sí Ifẹ̀. Ohun tí Èkó ń fúnni ni ìtóbi iṣẹ́: ilé tí ìpìlẹ̀ rẹ̀ dúró lórí òpó tí wọ́n rì sínú ilẹ̀, ẹ̀rọ agbéǹkan gíga, ètò iṣẹ́ tí wọ́n ń fi kọ̀ǹpútà ṣe, tí a sì máa ń jíròrò lé lórí ní gbogbo ọ̀sẹ̀. Ẹni tí kò bá rí irú rẹ̀ rí lè máa rò pé gbogbo ilé ní ayé ni ilé ìgbé akẹ́kọ̀ọ́. Ohun tó ń gbà lọ́wọ́ ẹni ni pé ènìyàn kì í mọ ẹnikẹ́ni dénú. Lọ́jọ́ tí iṣẹ́ bá parí, kálukú á gba ibi tirẹ̀ lọ. Bí o bá máa lọ, mú iṣẹ́ kan ṣoṣo tó ga ju èyí tí o ti ṣe lọ, ṣe é parí, kí o sì mọ ìdí tí o fi lọ.

Ṣùgbọ́n n kò fara mọ́ Ìyá Ìwé Owó lórí CORBON. Láti ìgbà tí mo ti padà, kò sí onílé kan ní Ifẹ̀ tó béèrè nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ mi. Ilé tí mo ti kọ́ ni wọ́n ń ní kí n mú àwọn lọ wò. Bí mo bá jẹ́ ìwọ, ẹ̀kọ́ lílo kọ̀ǹpútà fún ètò iṣẹ́ àti yíya àwòrán ni mo máa kọ́kọ́ náwó lé.

Olùkọ́ Fẹ̀yìntì (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 10:25 àárọ̀)

Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín láti àná. Kí n bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ará Èkó dé. Òótọ́ ni pé onílé kì í béèrè nígbà tí ilé ṣì dúró. Nígbà tí ilé alájà mọ́kànlélógún wó ní Ìkòyí ní oṣù kọkànlá ọdún 2021, tí ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó sì gbé ìgbìmọ̀ ìwádìí dìde, ọ̀rọ̀ ẹni tó ń bójú tó iṣẹ́ náà àti ohun tí ó ní lọ́wọ́ kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí ẹnikẹ́ni lè fi ṣeré mọ́. Òfin kì í dúró de ìgbà tí onílé bá béèrè.

Ìwé òfin ilé kíkọ́ ti orílẹ̀-èdè wa, èyí tó jáde ní 2006, dárúkọ àwọn ìwé tí bílídà gbọ́dọ̀ ṣe fún iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan: ètò iṣẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ìwé tó sọ bí a ṣe máa rí i dájú pé iṣẹ́ dára, àti ìwé nípa ìlera àti ààbò àwọn òṣìṣẹ́. Ní púpọ̀ nínú sáìtì àárín ìlú wa, kò sí ẹyọ kan nínú wọn, tàbí kí ó jẹ́ pé inú dúróà ọ̀gá ni wọ́n ti ń sùn. Bí igbákejì alábòójútó bá jókòó, tó kọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fún ilé alájà mẹ́ta tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ yìí, pẹ̀lú iye ènìyàn, iye ọjọ́, ìgbà tí òjò máa ń pọ̀ àti ibi tí ènìyàn lè ti ṣubú, yóò kọ́ ohun tí owó ẹ̀kọ́ púpọ̀ kò lè kọ́ ọ. Yóò sì ní ohun kan lọ́wọ́ tí ó lè gbé lọ bá àgbà iṣẹ́. Mo fara mọ́ kíkọ́ kọ̀ǹpútà, ṣùgbọ́n ẹni tí kò lè fi pẹ́ńsù ṣètò iṣẹ́ lórí ìwé, àwòrán aláràbarà lásán ni kọ̀ǹpútà yóò máa bá a yà.

Ní ti ẹgbẹ́, ọdún 1967 ni ẹgbẹ́ àwọn bílídà Nàìjíríà, NIOB, bẹ̀rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹ̀ka ẹgbẹ́ ti ìlú Lọ́ńdọ̀nù, èyí tí òun ti wà láti 1834. Wọ́n máa ń ṣe ìdánwò fún ẹni tó bá fẹ́ di ọmọ ẹgbẹ́ ní kíkún, ẹ̀ka ìpínlẹ̀ sì máa ń ṣèpàdé. Ọ̀dọ́ tó bá lọ síbẹ̀ tó jókòó sẹ́yìn, tó jẹun tó sì lọ sílé, kò rí nǹkan kan. Bi akọ̀wé ẹ̀ka léèrè iṣẹ́ tó wà nílẹ̀. Gbígba àwọn àlejò, títo àga, kíkọ orúkọ àwọn tó wá: bí àwọn àgbà ṣe ń mọ ọmọdé nìyẹn.

Lórí gbígbé nǹkan lọ kí àgbà nílé, n kò rí ohun tó burú nínú rẹ̀ bí ó bá jẹ́ ní àsìkò ọdún, tí kò sì sí iṣẹ́ kankan tí o ń retí lọ́wọ́ ẹni náà. Àṣà wa ni.

Ìyá Ìwé Owó (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 12:10 ọ̀sán)

Bàbá olùkọ́, mo tẹríba, ṣùgbọ́n n kò lè gbà pẹ̀lú yín níbẹ̀ yẹn. Nídìí iṣẹ́ tiwa, àsìkò tí kò sí iṣẹ́ láàárín ẹni méjì ṣọ̀wọ́n. Ẹni tó gbé àpò ìrẹsì wá fún mi ní Kérésì lè jẹ́ ẹni tí n ó wọn iṣẹ́ rẹ̀ ní oṣù kẹta, bí mo bá sì dín owó rẹ̀ kù, yóò ní mo jẹ ìrẹsì òun tán ni mo fi ń ṣe bẹ́ẹ̀. Bí n kò bá dín in kù, àwọn ẹlòmíràn á ní ìrẹsì ló ń sọ̀rọ̀. N kì í gbà á lọ́wọ́ agbaṣẹ́ṣe tàbí ẹni tó ń bá a ṣiṣẹ́. Kí ó pè mí lórí fóònù láti kí mi kú ọdún, ó tó mi.

Olùkọ́ Fẹ̀yìntì (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 12:48 ọ̀sán)

Fún ẹni tó ń wọn iṣẹ́ tàbí tó ń fọwọ́ sí owó, ẹ̀yin lẹ jàre. Mo yọ wọ́n kúrò nínú ọ̀rọ̀ mi.

Àrẹ̀mọ Ìlárè (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 8:30 alẹ́)

Ẹ̀yin àgbà, ẹ ṣeun, ọpẹ́ mi kò lè tán lórí èyí. Mo ti bá fọ́máànù sọ̀rọ̀ ní ìrọ̀lẹ́ yìí bí Bàbá Òkè-Èsò ṣe wí. Ó wò mí títí, ó ní ènìyàn mọ́kànlá ni. Ọ̀gá kò tíì gbà.

Ìbéèrè méjì ló kù. Bí mo bá fẹ́ kọ̀wé sí àgbà tí n kò mọ̀ rí, kí ni kí n kọ? Ìkejì, nínú oṣù 36 tí Ìyá wa sọ, ọdún tí mo kọ́kọ́ dé gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ń kọ́ṣẹ́, ṣé wọ́n máa kà á? Nígbà kan náà, mo ń bójú tó sáìtì kékeré kan ní ọ̀nà Òǹdó pẹ̀lú èyí tí mo wà nídìí rẹ̀. Ṣé mo lè ka oṣù ibẹ̀ lọ́tọ̀?

Ọmọ Ọ̀ṣómàáló (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 9:05 alẹ́)

Kí olùkọ́ tó dáhùn, mo fẹ́ fi kún un pé ẹni tó wà nítòsí sáìtì náà wà lára àwọn ènìyàn rẹ. Lápá ọ̀dọ̀ wa, pàápàá bí ènìyàn bá súnmọ́ Ìtagúnmódì àti Igun níbi tí wọ́n ti ń wa góòlù, arúgbó àdúgbò ló lè sọ fún ọ pé ihò kan wà níbí rí tí wọ́n ti dí. Àyẹ̀wò ilẹ̀ ṣe pàtàkì, kò sì sí ohun tó rọ́pò rẹ̀, ṣùgbọ́n arúgbó yẹn á jẹ́ kí o mọ ibi tó yẹ kí wọ́n ti gbẹ́ ilẹ̀ wò. Kí wọn kí o tó da yanrìn sójú ọ̀nà wọn.

Olùkọ́ Fẹ̀yìntì (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 9:40 alẹ́)

Má kọ ìtàn ayé rẹ sí i, má sì ní kí ó bá ọ wá iṣẹ́. Mú ìbéèrè kan ṣoṣo tó lè dáhùn láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Irú èyí lè ṣe é: “Ẹ kú iṣẹ́, sà. Igbákejì alábòójútó sáìtì ni mí ní Ilé-Ifẹ̀. Mo ṣe ètò iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ méjìlá fún ilé alájà mẹ́ta tí à ń kọ́, mo sì fi í ránṣẹ́ pẹ̀lú lẹ́tà yìí. Kò dá mi lójú pé àyè tí mo fi sílẹ̀ láàárín dẹ́kìn àkọ́kọ́ àti yíyọ pákó abẹ́ rẹ̀ tó. Bí ẹ bá ráyè, mo fẹ́ gbọ́ èrò yín.” Bí ó bá dáhùn, ṣe ohun tó sọ, kí o sì padà sọ fún un bó ṣe rí. Ibi tí púpọ̀ nínú yín ti máa ń pàdánù ni ìpadàsọ yẹn. Gba àyè lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ kí o tó fi ètò sáìtì rẹ̀ han ará ìta, tàbí kí o yọ orúkọ onílé àti iye owó kúrò.

Ìyá Ìwé Owó (Ọjọ́rú, 7:15 àárọ̀)

Lórí oṣù 36: orúkọ ipò rẹ kọ́ ni wọ́n ń wò, iṣẹ́ tí o ṣe ni. Bó bá jẹ́ pé ní ọdún àkọ́kọ́ yẹn, ṣe ni wọ́n ń sọ fún ọ pé gbé téèpù wá, má kà á. Bó bá sì jẹ́ pé o darí apá kan iṣẹ́ náà fúnra rẹ, kọ ohun tí o darí sílẹ̀ ní kedere. Sáìtì méjì tí o ṣe nínú oṣù kan náà, oṣù kan ni wọ́n máa kà á sí, nítorí náà sáìtì ọ̀nà Òǹdó kò fi nǹkan kan kún iye oṣù rẹ.

Tún mọ̀ pé wọ́n lè yan ìwé tìrẹ fún àyẹ̀wò, tí wọ́n á sì ní kí ẹni tó mọ iṣẹ́ náà fọwọ́ sí i pé òótọ́ ni. Ọ̀gá tí ò ń ronú láti fi sílẹ̀ yẹn ni. Bí ọ̀rọ̀ ènìyàn mọ́kànlá yẹn bá dá ìjà sílẹ̀ láàárín yín, ẹ yanjú rẹ̀ tán, kí o sì gba ìwé tó sọ ìgbà tí o bẹ̀rẹ̀ àti ohun tí o darí ní sáìtì kọ̀ọ̀kan lọ́wọ́ rẹ̀ báyìí tí ẹ ṣì ń bára yín jẹun.